Ẹsẹ̀ Bàtà Mọ́kànlélógún

Ọjọ́ Ajé, 5/5/2025

Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bọ́ sọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí. Ìwé ilé wà lọ́dọ̀ wọn títí n ó fi san án tán — ọdún méjì gbáko. Mi ò bẹ̀rù. Owó ìfẹ̀yìntì kò tó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́, àwọn ọmọ tó wà lókè òkun sì ní ìyọnu tiwọn. Yàrá méjì péré ni mo fẹ́ kọ́ kún ti ẹ̀yìnkùlé. Àgbòwó nìyí, àdúgbò ẹ̀gbẹ́ yunifásítì. Lójú méjèèjì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wá yàrá.

Sùrájù bíríkìlà ti kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dé. Wàhálà kan ṣoṣo ló wà: ibi tí yàrá máa jókòó sí gan-an ni kòtò sọ́kàwéè wà, níbi tí ẹ̀gbin ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń dà sí. A ní láti gbẹ́ òmíràn. Ilẹ̀ ọ̀hún kò sì ju ìdajì púlọ́ọ̀tì lọ.

Ọjọ́bọ̀, 8/5

Wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìdáná, ibi kan ṣoṣo tó kù. Sùrájù nu òógùn ojú, ó wo kànga, ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù o, ṣùgbọ́n kànga yìí ò jìnnà." Mo ní kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ṣé èmi ló fẹ́ kọ́ ní ìmọ́tótó?

Nígbà tí wọ́n lọ jẹun, mo mú téèpù. Ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlélógún.

Ọgọ́rùn-ún ni òfin wí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe wolé-wolé, tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ti ẹnu mi jáde: láti kànga dé kòtò ìgbẹ́, ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà, ó kéré tán. Mo ti gbé onílé lọ sí kóòtù nítorí àádọ́ta. Obìnrin kan kúnlẹ̀ fún mi ní Yemẹtu, pé ilẹ̀ òun kò gbà á. Mo ní kó lọ wá ilẹ̀ tó gbà á.

Mo ká téèpù. Mo sọ fún Sùrájù pé kó fi sìmẹ́ńtì púpọ̀ rẹ́ inú kòtò yẹn dáadáa. Ilẹ̀ ibí le, amọ̀ ni. Kò ní jò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24/5

Wọ́n kan páànù lónìí. Inú mi dùn. Mo dúró wò ó títí òòrùn fi wọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 1/6

Kí ọ̀dà tó gbẹ, yàrá méjèèjì ti lọ. Luke gba ọ̀kan — ọmọ Kogí, ó ń kọ́ nípa òfin, ó sì ń bá mi jiyàn lórí gbogbo nǹkan, títí dórí ibi tí yóò sá aṣọ sí. Lọ́yà ni mo sọ ọ́. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan láti Ọ̀wọ̀ ló gba ìkejì. Owó wọn ò sùn lọ́wọ́ mi: mo san gbèsè páànù, mo san ti Sùrájù, ó tán.

Ilé kún báyìí. Qonitah ṣì wà ní yàrá kẹrin, ó ti lé lọ́dún kan. Pẹ̀lẹ́ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Kì í ju korobá sínú kànga gbàgà bíi tàwọn yòókù. Bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn ló ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá ẹ̀, ní Ìsẹ́yìn. Lọ́jọ́ tó mú un wá, ilé márùn-ún ni wọ́n ti wò. Ó ní òun gba tèmi nítorí ohun tí wọ́n sọ fún òun nípa mi: "Ilé wolé-wolé ni, sà. Ara ọmọ mi á le níbẹ̀." Ọmọ náà kì í ra píọ̀wọ́tà. Ó ní ó ti wọ́n jù, omi wa sì dùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10/6

Òjò ọjọ́ mẹ́ta. Kànga kún débi pé ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó omi. Lọ́yà kan ilẹ̀kùn mi — omi ń rùn. Mo ní ewé ló jábọ́ sínú ẹ̀. Ó ní, "Ewé wo, sà? Igi wo ló wà níbí?" Mo gbé ife, mo bu omi náà, mo mu ún lójú gbogbo wọn, mo sì rẹ́rìn-ín. Pẹ̀lẹ́ bá mi rẹ́rìn-ín. Ó pọn korobá méjì.

Nígbà tí wọ́n túká, mo wọlé, mo tọwọ́ bọ ọ̀fun, mo bì í. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ kòtò yẹn ni mo ti ń se omi tèmi kí n tó mu ún. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè fi ojú ara mi rí i. Mò ń se tèmi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó se tiẹ̀.

Ọjọ́rú, 11/6

Mo da oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọ omi mọ́ sínú kànga ní ìdájí. Ẹnì kankan ò rí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17/6

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń ṣu, wọ́n ń bì. Wọ́n ní ẹ̀wà tí àwọn rà lánàá ni. Kíá ni mo gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án, Ọlọ́runtóyìn dé. Abẹ́ mi ló ti kọ́ṣẹ́, òun náà ti di ọ̀gá wolé-wolé báyìí. Ó ní ìgbẹ́ gbuuru ti wọ àdúgbò, àwọn ń yẹ kànga wò láti ojúlé dé ojúlé. Ó mú ìgò tí wọ́n fi ń bu omi lọ fún àyẹ̀wò dání. Mo ní, "Ẹ̀yìn ló wà o." Mo fẹ́ kó lọ wò ó. Mo sì ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kó má lọ.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Háà, ọ̀gá mi! Èmi ni n ó wá yẹ kànga tiyín wò? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ wa níṣẹ́? Ẹ má jẹ̀ẹ́ n rí ibi o." Ó sọ ìgò padà sínú àpò. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri mi pé ó dára, ó gba ilé kejì lọ.

Ó yẹ kí n pè é padà. Kò tíì rìn jìnnà, mo ṣì lè pè é. Abẹ́ ọ̀wọ̀ tó bù fún mi ni mo sá sí, bí olè tó sá wọ ilé Ọlọ́run. Ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í san owó alájẹṣẹ́kù. Bí wọ́n bá ti kànga pa, ayálégbé á kó jáde, wọ́n á sì béèrè owó tí mo ti ná. Ilé á lọ.

Ọjọ́bọ̀, 19/6

Pẹ̀lẹ́ ò jáde wá pọnmi.

Ọjọ́ Ẹtì, 20/6

Lọ́yà ló pọn Pẹ̀lẹ́ jáde láàárọ̀. Ojú ẹ̀ ti jìn wọnú, awọ ọwọ́ ẹ̀ ti hunjọ bíi ti arúgbó. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Onígbáméjì ni. Mo rí i lẹ́nu iṣẹ́, mo mọ bó ṣe ń yára tó. Mo po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi — omi tí mo sè — mo ń fi ṣíbí fún un nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá títí a fi dé ọsibítù. Kò dúró nínú ẹ̀. Bó bá ti bì tán, á ní, "Ẹ ṣeun, sà." Mo ní kó dákẹ́, kó má sọ̀rọ̀ mọ́. Á tún ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Dókítà béèrè irú omi tó ń mu. Lọ́yà ní omi kànga ilé wa ni. Ẹnu mi ló sáré jù mí lọ: "Kànga yẹn mọ́, dókítà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21/6

Qonitah kú ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Mi ò lè pè é ní Pẹ̀lẹ́ mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 23/6

Ọjọ́ tó kú gan-an ni wọ́n ti gbé e lọ sí Ìsẹ́yìn, tí wọ́n sin ín. Mo fi pákó bo kànga, mo fi àgádágodo sí i. Mo sọ fún wọn pé mò ń fọ̀ ọ́.

Ọjọ́rú, 25/6

Ọjọ́ kẹta láìsí omi. Ara tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti ń yá, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kó lọ, kí n dá owó àwọn padà. Àwọn tó kù ń kùn. Mo da oògùn apakòkòrò tó pọ̀ sínú kànga, mo sì ṣí i. Mo ní kí wọ́n máa fi fọṣọ, kí wọ́n má mu ún. Lọ́yà ní kí ló fà á tí àwọn ò gbọ́dọ̀ mu ún. Mo ní òórùn oògùn ni. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn ń wò mí.

Kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn bá láńlọ́ọ̀dù tí kò níye wí. Ojú ń tì mí. Mi ò lè jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti ṣí kànga.

Ọjọ́ Àìkú, 29/6

Bàbá Qonitah dé lọ́sàn-án láti kó ẹrù ọmọ ẹ̀. Wọ́n ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán. Ó gbé iṣu mẹ́ta wá fún mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, ó ní wọ́n ròyìn fún òun bí mo ṣe ń fi ṣíbí fún ọmọ òun lómi. "Ẹ ṣe bàbá fún un, sà. Ọlọ́run á dá a padà fún yín." Mi ò lè gbé e dìde.

Ó kó ẹrù sínú ọkọ̀: fóòmù, sítóòfù, ìwé, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì — mo ṣì í kọ, bàtà tó ń wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí ni. Orí mi ò pé. Àkókò ìrun Alásárì tó. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti fa omi nínú kànga, ó bù ú sínú kẹ́tù, ó lóṣòó. Ó fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sún mọ́ ẹnu.

"Ẹ má yọ ẹnu! Ẹ dà á nù!"

Gbogbo ilé ló gbọ́ mi. Ó dúró, omi ń jò láàárín ìka ẹ̀. Ó ní kí ló ṣe omi náà. Mo sì sọ. Kòtò, téèpù, omi tí mo sè, Ọlọ́runtóyìn, irọ́ tí mo pa fún dókítà. Mi ò lè dá ẹnu dúró mọ́.

Ó da omi nù. Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ gbígbẹ, ó ṣe táyámọ́mù, ó kírun. Mi ò jókòó títí ó fi ṣe tán. Ó wá béèrè ọjọ́ tí mo wọn ilẹ̀. Mo sọ ọ́. Ó fi tẹ̀súbáà kà á dé ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀ kú, ó pẹ́ kó tó kà á tán.

"Ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì," ó ní. "Ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì ló fi ń kúnlẹ̀ kí yín káàárọ̀, tẹ́ ẹ sì ń dá a lóhùn."

Kò nà mí. Kò ṣépè. Ó ní kí n lọ mú ìwé àti bírò wá. "Mi ò mọ̀wé, àwọn àbúrò ẹ̀ mọ̀ ọ́n kà. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i." Mo kọ ọ́. Ojú ewé kan ààbọ̀. Ó ní kí n kà á sókè kí òun lè mọ̀ pé ohun tí mo sọ ló wà níbẹ̀. Àwọn ayálégbé ti jáde tán, Luke ló wà níwájú wọn. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ ọmọ náà, mo dúró.

Bàbá ẹ̀ ní, "Ẹ pè é."

Mo pè é: Qonitah Gbádégẹṣin, ọmọ ogún ọdún. Mo kà á dé ìparí. Mo sì pe orúkọ tèmi náà: Olúrótìmí Adéróunmú, wolé-wolé.