Wọ́n Kó Ìwé Ṣáínà Lọ, Ó Ku Màmá Mi

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ bò mí láṣìírí, torí màmá mi ń gbọ́ yín lórí rédíò.

Yunifásítì mẹ́ta ló fìmọ̀ ṣọ̀kan pé kí oníkálukú máa kó ìwé èdè òkèèrè kan jọ, kí wọ́n sì jọ máa yá ara wọn. Ni wọ́n bá kó gbogbo ìwé Ṣáínà kúrò ní láíbìrì tí màmá mi ti ń ṣiṣẹ́ lọ sí ọ̀kan nínú wọn ní ìlú mìíràn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún páálí! Bẹ́ẹ̀, màmá mi nìkan ló gbọ́ èdè náà láàárín òṣìṣẹ́ yunifásítì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo ní, “Mọ́mì, ta ni yóò máa kà á fún wọn lọ́hùn-ún?”

“Aláyọjúràn, lọ fọ abọ́.”

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Màmá mi ra báàgì tí erin lè sùn sí. Nígbà tí mo yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n ní, “Wọ́n kàn fẹ́ yá mi lọ́hùn-ún ni.”

Ẹ̀yin olùgbọ́, ìwé tí wọ́n bá yá ní ọjọ́ ìdápadà. Mo tú báàgì yẹn tinú-tẹ̀yìn, n ò rí ọjọ́ kankan. Ṣé kí n gbé e pamọ́ ni, àbí kí èmi náà wọ inú rẹ̀ bá wọn lọ?

Èmi ni,
Ojú-lalákàn-fi-ń-ṣọ́rí.