Màámi, Wọ́n Ní Ká Wá Ya Fọ́tò

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ọmọ yín ni, ní Gyel níbí ní Jọ́ọ̀sì, nínú ọyẹ́ tó ń là mí létè. Mò ń lo òògùn mi, ẹ má fòyà. Láti kékeré tí ẹ ti ń fi kúnú tàn mí gbé e mì, mi ò tíì pa á jẹ rí.

Adáṣì yín tí ẹ fi sílẹ̀ fún wa náà ṣì ń lọ. Gbogbo àdúgbò ṣì gbà pé àjọ la ń dá nílé yín ní Sátidé. Wọn ò mọ̀ pé kòkòrò HIV ló kó wa jọ, pé òògùn la ń pín. Ìyá Sámù ìsàlẹ̀ ilé ti bẹ̀ mí títí pé kí n fi òun kún un. Mo ní àjọ ti kún. Ó wá ń wò mí bí ahun.

Màámi, àwọn òyìnbó tó ń sanwó òògùn wa ti káwọ́ kúrò. Ọ̀gá kan wá bá wa, ó ní ìjọba ló rán òun, wọ́n ti ya owó sọ́tọ̀ fún wa. Èmi kò gbà gbọ́. Ìwà yín ni mo jogún, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé náírà oníbàárà sókè wò nínú oòrùn, tí ẹ ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ẹ máa ń ní ẹni tó bá lóun á dáṣọ fúnni, tọrùn rẹ̀ là á wò. Tọrùn ọ̀gá yìí mà dára jù! Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa?

Fọ́tò ni. Ó ní ká tò, ká gbé páálí òògùn mọ́yà, kí ìlú lè rí i pé owó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá yọjú, òògùn rẹ̀ kò ní jáde. Mo gbé páálí kan wò, ó fúyẹ́. Òfìfo ni! Ó ní ohun tó máa wà nínú rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn fọ́tò.

Ọ̀rẹ́ yín, Hájíà Bíńtà ará Angwan Rogo, pàtẹ́wọ́, ó ní haba! Nígbà tí ọjọ́ fọ́tò pé, ó kó níkàbù tí àwọn ẹlẹ́hàá fi ń bojú wá, ó pín in kárí. Àti ọmọ ìjọ àti ọmọ mọ́ṣáláṣí, gbogbo wa wọ̀ ọ́. Ìyá kan tó ń kọrin ní kuáyà wọ tirẹ̀ sódì, ó ń wá ibi tó máa gbà ríran. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí.

Ọ̀gá wò wá títí. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti ní kí wọ́n ṣí níkàbù, ní Jọ́ọ̀sì wa yìí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ti máa ń dìjà? Ó ní ó kéré tán, kí òun rí ojú kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á lọ sọ pé òun kò bá ẹnì kankan.

Mo wo àwọn ìyá yẹn. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò mọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí onílé máa lé jáde wà níbẹ̀. Màámi, mo ṣí tèmi. Ẹ̀rù bà mí, inú sì ń bí mi, síbẹ̀ mo rẹ́rìn-ín nígbà tó ní kí n rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ̀yin ì bá ṣe bẹ́ẹ̀? Àbí mo gọ̀ ni?

Wọ́n ti gbé fọ́tò náà sórí pátákó ńlá ní ìyànà wa. Àwọn tí mo ń dirun fún á wo pátákó, wọ́n á wò mí, wọ́n á yà bàrá. Ojú mi ti dé ìgboro, òògùn kò tíì dé. Ti Hájíà tán lánàá. Mo da ìdajì èyí tó kù nínú ìgò mi sí i lọ́wọ́, ó ń sunkún, mo ní kó gbé e mì.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tíì gba ẹnikẹ́ni gbọ́.