Eyín Àbúrò Rẹ Tó Sùn Sókè Ẹnu

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara le? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ nínú ìlú ńlá yẹn kò ní tòògbé lórí rẹ. Màmá rẹ kí ọ, a ti dí òrùlé ilé ìdáná tó ń jò, ara gbogbo wa le.

Ọ̀rọ̀ eyín àbúrò rẹ obìnrin ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, síbẹ̀ eyín ajá rẹ̀ kan lókè kọ̀, kò yọ, eyín ọmọdé ló ṣì jókòó sáyè rẹ̀ bí ayálégbé tí kò fẹ́ kó jáde. Bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ bo ẹnu. Ni mo bá mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Wọ́n ya fọ́tò egungun ẹnu rẹ̀, dókítà sì fi hàn mí pé eyín náà wà, ó kàn dùbúlẹ̀ gbalaja sínú èrìgì ni, ó forí ti gbòǹgbò eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí a bá sì fi í sílẹ̀, yóò jẹ gbòǹgbò yẹn run. Mo ní ṣé a ò lè kan èrìgì náà bí ilẹ̀kùn kó lè jí. Ó ní rárá, pé àwọn á yọ eyín ọmọdé, àwọn á de wáyà mọ́ èyí tó kù kí àyè lè wà, lẹ́yìn náà àwọn á la èrìgì, àwọn á lẹ ṣéènì tín-ín-rín mọ́ eyín tó sùn, àwọn á máa fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo bi í pé ta ni yóò máa di ìdí ṣéènì mú nílé, torí èmi ń lọ sóko. Ó ní wáyà ni. Dókítà yẹn ní sùúrù o.

Wáyà kò yọ àbúrò rẹ lẹ́nu púpọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n máa la èrìgì, ẹ̀rù bà á, ó di bẹ́ǹṣì mú, ó ní òun ò wọlé. Níbi tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ ni nọ́ọ̀sì pe orúkọ mi. Àṣé nínú fọ́ọ̀mù, níbi tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ aláìsàn, orúkọ ara mi ni mo kọ, torí èmi ni bàbá. Mo rò pé bàbá ni wọ́n ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, mo wọlé, mo sùn sórí àga, mo lanu gbàà. Dókítà kékeré kan tí kò mọ̀ mí rí ka eyín mi títí, ó ní Bàbá, eyín ajá yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà níta, èwo la fẹ́ fà wálẹ̀? Mo ní èyí tó bá wù wọ́n. Àbúrò rẹ tó yọjú lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀, kò rántí fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní kí n dìde, pé bí èmi àgbàlagbà bá lè sùn síbẹ̀, òun náà á sùn síbẹ̀. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó mú kí èrìgì kú tipiri, wọ́n sì ṣe é parí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo dì mú, òógùn bò mí ju òun lọ.

Oṣù kẹjọ rèé láti ọjọ́ náà. Lánàá ló pariwo pe gbogbo wa, ṣóńṣó eyín náà ti yọ, ó funfun báláú! Màmá rẹ jó yí àgbàlá ká. Wọ́n ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù. Jọ̀ọ́, má fi ìka méjì fà á tóbi bí ẹ ṣe máa ń ṣe, dókítà ní díẹ̀díẹ̀ la gbọ́dọ̀ fà á.

Bá wa wá owó ọkọ̀ tí a ó fi lọ lóṣù tó ń bọ̀. Má fi í sórí fóònù mi, ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sáyè mọ́, fọ́tò eyín ló kún un. Fi rán awakọ̀ tó máa ń ná ọ̀nà ìlú wa.

Ohun rere tó bá fara pamọ́ fún ọ níbikíbi yóò yọjú, kò sì ní nílò ṣéènì. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, tí eyín rẹ̀ pé.