Ojú Òsì Mi Nínú Àwòrán Ferran

Tecla àbúrò mi,

Ara wa le, a sì ń jẹun, má dààmú. Ferran ọmọ mi ṣì ń ya àwòrán ẹ̀. Nígbà tá a kọ́kọ́ dé Paris, búlúù nìkan ló fi ń ya gbogbo èèyàn, bíi pé òtútù ń pa wọ́n. Èmi ò sọ pé òtútù ń pa àwa o! Lẹ́yìn náà ló bọ́ sórí pupa rẹ́súrẹ́sú. Ní báyìí, ńṣe ló ń ya ojú èèyàn ní wẹ́wẹ́ bí àwo tó fọ́.

Ó ya èmi náà. Imú mi wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ojú ọ̀tún là sílẹ̀, ó wá fi ọ̀dà dí tòsì pátápátá. Tecla, ìwọ nìkan ni mo sọ fún pé ojú òsì mi ò ríran mọ́. Àbí ìwọ lo sọ fún un? Tó bá mọ̀, á gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, aṣọ tí mò ń rán la sì fi ń ra ọ̀dà.

Mo bi í pé, "Ta ló sọ fún ẹ?"

Ó ní, "Sọ kí ni, Màmá? Ẹ jókòó dáadáa jàre."

Mercè ọmọ ẹ̀, tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ti dá gègé dúró, ó ń wojú mi. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Bá mi kí ọkọ ẹ àti gbogbo ará abúlé. Sọ fún wọn pé mò ń rí Paris dáadáa.