Mẹ́fà Ni Dáìsì Ajígbódó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, ìyá Bánjí. Okun o, bí a ti ń kíra nílé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Lọ́ńdọ̀nù níbí, n kò sì ní dìde títí ẹ ó fi ka lẹ́tà yìí tán. Mo pa irọ́ fún yín nígbà tí ìpínlẹ̀ Kogí ṣì wà ní tuntun. Irọ́ náà ló mú ọmọ yín kúrò lọ́wọ́ yín. Mo gbé lẹ́tà náà síta fún gbogbo ènìyàn láti kà, nítorí Bánjí kì í ṣí lẹ́tà mi, ṣùgbọ́n ẹnìkan yóò kà á sí i létí.

Ẹ rántí eré tí mo kó bọ̀ láti Sáríà. Oníkálukú a máa ro ènìyàn alágbára kan, a sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni náà. Èmi a máa darí ìtàn, dáìsì lúdò a sì máa pinnu ẹni tó borí. Àwọn ọmọ àdúgbò ń ṣe akọni. Bánjí nìkan ló ní ọ̀daràn lòun ó ṣe. Ó sọ ọ̀daràn rẹ̀ ní Ajígbódó, ó so ìró yín àtijọ́ mọ́ ọrùn, ó ní òun yóò jí gbogbo odó láti Ekinrin-Adde dé Iyah-Gbede. Ẹnikẹ́ni kò ní gúnyán mọ́, àfi bí wọ́n bá fi òun jẹ gómìnà. Kò ní pẹ́ tí ebi iyán á bẹ̀rẹ̀ sí í pa òun náà, á wá máa ṣagbe láti ilé dé ilé.

Bàbá Bánjí kò tí ì pẹ́ tó kú nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ kò rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ ìsìnkú, ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi di àga mú. Ẹ ní ẹ bẹ olè náà, kó fi odó tiyín sílẹ̀. Ó ní tiyín gan-an lòun ó kọ́kọ́ gbé, nítorí ẹran kì í pọ̀ nínú ọbẹ̀ yín.

Ìjọba wá gbé iṣẹ́ mi lọ sí Lọ́kọ́ja. Mo ní kí ẹ fún mi ní Bánjí, pé ilé-ìwé ibẹ̀ dára jù. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí yóò máa pọn omi fún mi ni mo ń wá. Ẹ kọ̀; ẹ ní òun nìkan ló ṣẹ́kù fún yín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ń lu páànù, àwọn akọni ká Ajígbódó mọ́ orí àpáta. Mo ní bó bá bọ́, n kò ní dárúkọ Lọ́kọ́ja mọ́. Bí wọ́n bá mú un, kí Bánjí palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kó bá mi lọ. Ẹ ní irú eré wo nìyẹn? Bánjí rẹ́rìn-ín bí Ajígbódó, ó ní wọn ò tí ì bí ẹni tí yóò mú òun. Ó gbà. Dáìsì gbọ́dọ̀ dé mẹ́rin, ó kéré tán, kó tó bọ́.

Ó jù ú. Dáìsì já bọ́ láti orí tábìlì, ó yí wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Òjò nìkan là ń gbọ́. Èmi ni mo dojúbolẹ̀ wò ó. Mẹ́fà ni. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, mo fi í sápò, mo ní méjì ni.

Bánjí wò yín. Ó ní Màmá, eré ni o, òun ò lọ. Omi ti kún ojú yín, ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ kò tọ́ ọmọ tí í yẹ àdéhùn. Ilẹ̀ mọ́, ó wọ mọ́tò mi. Kò bojú wẹ̀yìn. Láti ìgbà náà ló ti gbà pé inú eré ni ìyá òun ti sọ òun nù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé ó gba Kábbà lọ́dọ̀ yín kọjá lọ sí Makutu, kò yà kí yín. Ẹ ní ara yín kò le mọ́. Ẹ ní bóyá ẹ ti ṣẹ̀ ẹ́ láìmọ̀.

Iṣẹ́ ọdẹ ni mo ń ṣe níbí, lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Òtútù ń wọ eegun. Bí mo bá délé, ìyẹ̀fun iyán ni mo ń rò nínú ìkòkò, èmi nìkan. Kò sí odó kan ní gbogbo àdúgbò yìí. Àfi bí ẹni pé Ajígbódó ti ṣáájú mi débí. Mo fẹ́ fi rẹ́rìn-ín lánàá, ẹ̀rín náà di ẹkún.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ ti ibi ìbànújẹ́ lọ. Ẹ ó fi ojú rí ọmọ yín, ẹ ó fi ọwọ́ kàn án. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti àwọn tiwa tó ń lọ mọ́ṣáláṣí, àti àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ Bùnú kan tí a jọ wà níbí ń bọ̀ wálé. Mo ti fi dáìsì náà rán an sí yín.

Bánjí, ìyá rẹ kò jẹ̀bi. Mẹ́fà lo jù. Ajígbódó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Dáìsì rẹ yóò wà lọ́wọ́ ìyá rẹ, lọ gbà á.

Àbúrò tí ẹ pọ̀n dàgbà, ọmọ yín,
Táyọ̀