Ìdánwò Tí Bàbá Rẹ Mọ̀ọ́mọ̀ Kùnà

Pahokee, Flórídà,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ìparí oṣù Kẹfà.

Marquel, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́, mo sì bẹ Olúwa pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún òsì yẹn kò dùn ọ́ mọ́? Ara tiwa náà ń gbìyànjú. Òjò ń rọ̀ ní gbogbo ọ̀sán, ẹ̀fọn sì ń fi wá ṣe oúnjẹ. Gbogbo ìjọ ló ń kí ọ. Pásítọ̀ ní kí n sọ fún ọ pé lọ́jọ́ tí o bá kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà fún ẹgbẹ́ ńlá tó mú ọ yìí, kí o kúnlẹ̀, kí o má jó ijókíjó. Mo ti jíṣẹ́.

Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ tí o sọ fún mi lórí fóònù. O ń rẹ́rìn-ín. O ní, "Màámi, ẹ má da ara yín láàmú nítorí orí mi. Ọ́ńkù Roscoe ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò oṣù Keje. Màá kàn ṣe bí ọ̀dẹ̀ ni." Ẹ̀rín rẹ ràn mí, èmi náà rẹ́rìn-ín, o sì gbé fóònù sílẹ̀. Bí o ti gbé e sílẹ̀, n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bí mo bá tún pè ọ́, wàá tún pa mí lẹ́rìn-ín ni, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́. O kò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ lẹ́tà lẹ́nu. Jókòó, kí o kà á tán.

Bàbá ni o mọ Lucious sí. Èmi mọ̀ ọ́n nígbà tí kò ní bàtà kan ṣoṣo. Ìwọ náà ti lé ehoro nínú oko ìrèké, ṣùgbọ́n nígbà tiwọn, ehoro ni ẹran ọbẹ̀. Bí wọ́n bá dáná sun oko kí wọ́n tó gé ìrèké, ehoro á máa tú jáde láti inú èéfín, àwọn ọmọkùnrin á sì ki eré mọ́lẹ̀. Kò sí ìbọn, kò sí ajá. Bàbá rẹ kì í tilẹ̀ mú kùmọ̀ dání. Ẹ̀ṣẹ́ ló fi ń lù wọ́n lẹ́yìn ọrùn, ẹ̀ẹ̀kan, ó parí. Lọ́jọ́ kan afẹ́fẹ́ yí iná padà, ó ká a mọ́ àárín oko. Gbogbo wa ti ń ké. Ó bẹ́ jáde láti inú iná, irun ojú rẹ̀ ti jóná, awọ apá rẹ̀ ń bó, ó di ehoro mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ fi igi ìgbálẹ̀ nà án títí igi náà fi ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó dín ehoro. Èmi náà jẹ níbẹ̀, mo sì pinnu pé ọmọkùnrin yẹn ni màá fẹ́. Ọgbọ́n mi kò tíì pé nígbà náà.

Nígbà tó dé àárín àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yìí jẹun, ó rò pé iná lòun tún kó sí. Roscoe ló ń sáré ṣíwájú rẹ̀. Iṣẹ́ Roscoe kò ju kí ó fi orí kan ẹni tó bá dí ọ̀nà, kí bàbá rẹ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. O ti rí ọrùn Roscoe. O mọ̀ pé bí o bá pè é, gbogbo ara ló fi ń yíjú. Níbi tó ti rí i nìyẹn.

Ohun tí àwa òǹwòran ń rí ni eré. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wó lu ara wọn bí ilé alámọ̀, tí bọ́ọ̀lù sì wà nísàlẹ̀, àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n á máa ti ìka bọ ara wọn lójú. Wọ́n á máa fún ara wọn níbi tí ìyá ọmọ kò gbọdọ̀ kọ sínú lẹ́tà. Ní ọdún tó kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́, ọkùnrin kan di ìka òrùka rẹ̀ mú lábẹ́ òkìtì bẹ́ẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó sì ń sọ sí i létí jẹ́jẹ́ pé, "Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ìyàwó rẹ ṣì nílò ọwọ́ yìí." Bàbá rẹ ní, "Ó ní ìkejì." Ìka náà dá. Kò jọ̀ọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó ki eyín bọ apá ọkùnrin náà, kò sì tú u títí rẹfirí fi fà wọ́n yà. Nígbà tó délé, ó la ẹnu, ó ní kí n wò ó bóyá awọ ọkùnrin náà ṣì há síbẹ̀. Mo wò ó. Ó ṣì há síbẹ̀.

Nílé ìdáná wa ni Roscoe ti kọ́ bàbá rẹ ní ohun tó kọ́ ìwọ náà yìí. Ní oṣù Keje, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á mú agbábọ́ọ̀lù jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ hàn án, wọ́n á gbé e kúrò, wọ́n á ní kó rántí wọn. Wọ́n á ní kó ka nọ́ńbà sẹ́yìn. Wọ́n á wá tọ́jú èsì rẹ̀. Bí wọ́n bá kọlù ú lórí láàárín ọdún, á tún ìdánwò náà ṣe, bí èsì tuntun bá sì fi púpọ̀ rẹlẹ̀ sí ti oṣù Keje, kò ní wọ pápá. Ẹni tí kò bá wọ pápá, ẹlòmíràn á gba ipò rẹ̀. Roscoe bu ìrẹsì sẹ́nu, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Lucious, tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ mẹ́wàá hàn ẹ́, rántí mẹ́ta péré. Tí o bá kùnà báyìí, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ gbá ẹ lórí tí o ò ní yege. Ṣùgbọ́n má gbàgbé orúkọ ara ẹ o, wọ́n á fura." Bàbá rẹ ní, "Tí mo bá gbàgbé orúkọ Odessa ńkọ́?" Roscoe ní, "Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ dókítà mọ́, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ọdún karùn-ún rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ni wọ́n gbá a ṣubú nínú yìnyín. Mo wà lórí ìjókòó òǹwòran, oyún rẹ wà nínú mi. Bàbá rẹ gba bọ́ọ̀lù, ó yà sọ́tùn-ún, Roscoe ti gbé ẹnìkan ṣubú níwájú rẹ̀, ọ̀nà là gbayawu. Ọmọkùnrin gìrìwò kan ta láti ẹ̀gbẹ́, ó fi àṣíborí kan àṣíborí. Mo gbọ́ ọ lókè níbẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ìbínú ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Bàbá rẹ fi ẹ̀yìn balẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì nà sókè gan-an, ó le bí igi, kò mì. Yìnyín ń bọ́ sí i lójú, ojú náà là sílẹ̀. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Ẹ wò ó, ó ń yin Olúwa." Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo yíjú padà, mo sì da kọfí gbígbóná tó wà lọ́wọ́ mi sí i lójú. Ẹ̀ṣọ́ méjì ló gbé mi jáde, mo ń ta wọ́n nípàá pẹ̀lú oyún nínú.

Ó ṣe ìdánwò náà lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì yege. Ṣé o rí i, ohun tó kù nínú orí rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbá a kò kéré sí ohun tó fi hàn wọ́n ní oṣù Keje. Kóòṣì gbá a lẹ́yìn, ó ní, "Orí ẹ le bí òkúta, ọmọ." Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ó fọ́ wọn túútúú, gbogbo pápá ń kọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí a ń lọ sílé, ó bi mí lórí ìrìn pé ìlú wo la wà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ fún ọdún bíi mélòó kan sí i. Wọ́n á gbá a, á ṣubú, á bì sínú garawa, á ṣe ìdánwò, á yege. Èjìká rẹ̀ yẹ̀, wọ́n gbá a padà sí ààyè rẹ̀, ó wọ pápá. Egungun ìhà rẹ̀ sán, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, ó wọ pápá. Inú mi máa ń dùn nígbà tí wọ́n bá ń kọ orúkọ rẹ̀, èmi kò ní purọ́ fún ọ.

Ti ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé wa, ìwọ náà rántí. O di bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, o ń sáré bọ̀ láti ilé ìdáná, òun sì ń jáde láti ilé ìwẹ̀. Kì í ṣe ọmọ rẹ̀ ló rí. Ẹni tó ń bọ̀ wá gbé e ṣubú ló rí. Ó na ọwọ́ ọ̀tún bó ṣe máa ń nà án lórí pápá, ó fi tì ọ́ lọ́rùn, o sì lọ lu ògiri. Mo gbọ́ bí egungun èjìká rẹ ṣe dá. Ohun tí o kò rí, torí mo ti gbé ọ sínú ọkọ̀, ni pé nígbà tó mọ̀ pé ìwọ ni, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi orí ara rẹ̀ gbá òpó ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí, gbàà, gbàà, títí Roscoe fi sáré dé tó sì jókòó lé e láyà. Roscoe ń sunkún. Mo fẹ́ kí o bi í léèrè bóyá ó sọ ìyẹn fún ọ nígbà tó ń kọ́ ọ ní ọgbọ́n.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí n kò lè sọ lórí fóònù nìyí. Ilé ìtọ́jú kan wà fún àwọn agbábọ́ọ̀lù tí orí wọn ti bàjẹ́. Wọ́n ń tọ́jú wọn níbẹ̀, wọ́n ń mú ìbínú náà rọlẹ̀, ìyàwó wọn náà á sì lè di ojú sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé ohun tí òun ní tẹ́lẹ̀ ti lọ. Mo gbé bàbá rẹ lọ ní oṣù tó kọjá, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo fá irùngbọ̀n rẹ̀. Wọ́n ṣe ìdánwò fún un. Dókítà, ọmọbìnrin kan tó ní ìwà pẹ̀lẹ́, wá gbé èsì tuntun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ṣe nígbà tó wọ ẹgbẹ́. Ó wò ó títí. Ó ní, "Mà, ẹ má bínú. Gẹ́gẹ́ bí ohun tó wà níwájú mi, ọkọ yín ò pàdánù nǹkan kan. Ó tiẹ̀ fi díẹ̀ sàn ju ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlélógún lọ."

Mo ní, "Ó mọ̀ọ́mọ̀ kùnà ni. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀." Ó ní, "Mo gbà yín gbọ́, mà. Gbogbo ìyàwó tó wá síbí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè fi ìyẹn gbà á wọlé." Bàbá rẹ ti ń wo fèrèsé látàárọ̀, n kò mọ̀ pé ó ń gbọ́. Àfi bó ṣe dìde. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, gan-an bíi ti inú yìnyín ọjọ́ yẹn, ìka tó ṣẹ́ náà wọ́. Ó wo ojú mi, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Màámi, mo yege."

Marquel, èmi kọ́ ni ìyá rẹ̀. Omi tó dà síwájú, òun náà ni omi yẹn gbé ṣubú.

N kò ní kí o má gbá bọ́ọ̀lù. Èmi ni mo bí ẹsẹ̀ yẹn, mo mọ̀ pé kò lè jókòó. Mo ní, lọ́jọ́ ìdánwò, rántí gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ mẹ́wàá hàn ọ́, dá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá padà fún wọn. Ka nọ́ńbà yẹn sẹ́yìn bí o ṣe máa ń kà á fún mi nígbà tí mo bá ń di irun. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí orí tí mo fi lé ọ lọ́rùn ṣe pé tó. Bí wọ́n bá sì gbá ọ, tí wọ́n ní kí o jókòó, jókòó. Bí Roscoe bá pè ọ́ ní ojo, sọ fún un pé ìyàwó wọn ló rán ọ, kó wá bá mi jà níbí, ó mọ ilé.

Olúwa yóò ṣọ́ orí rẹ. Apá ọ̀tá kò ní ká ọ. Wàá wọ pápá, wàá jáde fúnra rẹ, wàá sì mọ ọ̀nà ilé. Ìwọ ni yóò sin mí, wàá sì mọ ẹni tí o ń sin. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń wo fóònù láti ìsinsìnyí lọ,
Odessa Tillery.

Mo fẹ́ ṣàfikún èyí: mo ka lẹ́tà yìí sí bàbá rẹ létí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ibi ehoro nìkan ló fetí sí. Ó ní òun mọ ọmọkùnrin yẹn, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ó wá bi mí bóyá ọmọ náà rí ọ̀nà jáde nínú iná náà.  Mo ní kó jẹun.