Ìbéèrè Kẹsàn-án

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé ò ń rí oorun sùn lórí ìwé ọ̀hún? Àwa náà wà bí o ṣe fi wá sílẹ̀, a ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ò sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni tó sùn àti ẹni tí oorun kọ̀, kó máa ṣọ́ ọ fún mi. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa ṣì ń jò síbi ẹ̀rọ kejì, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń jókòó sí gan-an, a ti gbé garawa síbẹ̀. Bàbá oníbàtà ẹ̀gbẹ́ wa tún bi mí pé kí ló dé tó o ṣì wà nílé ìwé láti ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, ṣé o ò yege ni. Mo ní oyè ọ̀mọ̀wé lò ń lé, pé ò ń wádìí bí ẹ̀kọ́ ṣe ń wọ ọkàn ọmọ, àti ìdí tí kì í fi í wọ ọkàn ọmọ mìíràn. Ó ní ká ní ọ̀dọ̀ òun lo ti bẹ̀rẹ̀ ni, o ì bá ti parí, torí lẹ́tà kan ò ráyè wọ orí òun rí.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi ló jẹ́ kí n mú bírò. O ní kí n kàn tẹ ìdáhùn tó bá bá mi mu, pé ọ̀pọ̀ òbí ló ń ṣe é, ọ̀jọ̀gbọ́n yín á sì bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo wẹ̀, mo wé gèlè, torí mi ò mọ̀ bóyá fóònù ń wò mí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ìdáhùn tó tọ̀nà, kò sì sí èyí tó kùnà. Èmi tí mo jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde girama, mi ò rí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ rí, àyà mi sì já. Wọ́n tún ní mo lè yọwọ́ nígbàkígbà láìsí ìyà kankan. Mo ro ìyẹn títí. Ṣé nínú fọ́ọ̀mù nìkan ni, àbí nínú jíjẹ́ ìyá?

Ìbéèrè kẹsàn-án ló mú mi. Ó ní ǹjẹ́ olùkọ́ kan ti kọ̀wé sí yín rí nípa ìṣòro ọmọ yín. Mo tẹ Rárá. Bí mo ṣe parí báyìí ni fóònù dáhùn pé ẹ ṣeun, ìdáhùn yín ti dé ọwọ́ wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn mà yá o, àfi bí ẹni pé ó ti jókòó dè mí. Mo kúnlẹ̀, mo kí i padà, kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀.

Irọ́ ni mo pa. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ wà ní kíláàsì kẹrin, tíṣà rẹ̀ kọ lẹ́tà sí mi pé ọmọ yìí kì í ṣe olódo, kò rí ohun tí wọ́n ń kọ sójú pátákó ni, kí n mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Mo kà á, inú bí mi. Ọmọ tó jẹ́ pé òun ló ń bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́! Èmi á ti òwú títí, á kọ̀. Òun á kàn gbé e sún mọ́ imú, ó ti wọlé. Mo ní ojú tó rí ihò abẹ́rẹ́, ṣé pátákó tó tóbi bí ilẹ̀kùn ni kò wá ní rí? Mo ní ọ̀lẹ ni, tíṣà ló ń gbè é. Mo nà án. Mo pè é ní olódo lójú rẹ, ìwọ tó o ṣì kéré. Mo fi lẹ́tà sínú agolo bọ́tìnnì, nígbà tó dé kíláàsì karùn-ún mo mú un kúrò nílé ìwé, mo fi í sídìí ẹ̀rọ. Ọdún mọ́kànlélógún rèé.

Nígbà tó o wálé kẹ́yìn, ò ń ṣàlàyé fún mi pé ojú tó ń rí ti ìtòsí dáadáa lè má rí ti ọ̀ọ́kán. Ò ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Aṣọ oníbàárà ni mò ń gé lọ́jọ́ náà, mo sì gé e kọjá ojú ìlà.

Ọmọ mi, ẹni tó bá gé aṣọ lórí ìwọ̀n èké, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n rán tó, kò ní bá ẹni tó ni ín mu. Mi ò fẹ́ kí oyè rẹ dúró lórí irọ́ mi. Jọ̀wọ́, bá mi bẹ ọ̀jọ̀gbọ́n kó ṣí àpótí tó kó ìdáhùn wa sí, kó pa Rárá rẹ́, kó kọ Bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá ní òun ń fẹ́ ẹ̀rí, lẹ́tà tíṣà wà nínú àpòòwé yìí.

Ṣùgbọ́n mo ní kò tọ́ kí àjèjì kà á ṣáájú ẹni tó ni ín. Lánàá, mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé e sún mọ́ imú bí ìṣe rẹ̀. Mò ń retí kó bínú, kó dìde, kó jáde. Ó ká a padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó ní, “Màmá, èmi ni mo mú un wálé. Tíṣà ti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi. Mo dúró títí, mo ní bóyá ẹ ò tíì ráyè ni. Nígbà tó yá, mo gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn.” Ó sì ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Owó tó o ní o fẹ́ fi tún òrùlé ṣe, fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún òrùlé mọ́. Garawa á ṣì máa gba omi náà. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú ni mò ń mú un lọ. Mo ti ráyè báyìí.

Ọlọ́run á jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ já síre. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tíṣà, kó fi ọ́ ṣe ẹni tó máa rí wọn. O ò ní ṣàṣedànù láé.

Kó o sì sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn pé mi ò yọwọ́ o.

Èmi ni,
Ìyá rẹ